Wíwá Kóòṣì Gọ́ọ̀fù: Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Gbá Jù Kọ́ Ló Mọ̀ Ọ́n Kọ́ Jù



Bí mo bá gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù mi jáde ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ Sátidé, ọ̀rọ̀ méjì ni mo máa ń gbọ́. Àkọ́kọ́ ni, "Ọmọ olówó ń lọ o!" Èkejì ni, "Ṣebí eré àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń bá tèmi lọ. Àdìrẹ ni màmá mi ń tà ní Ìtòkú, tíṣà ni bàbá mi. Bí owó bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ilé wa ló ti wá.

Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ìbéèrè kẹta ti ń wọlé, pàápàá láti ẹnu àwọn tó ti ṣíṣẹ́ díẹ̀ tí wọ́n sì ń wá eré tí wọ́n lè máa gbá títí ọjọ́ ogbó: "Ta ló kọ́ ẹ? Báwo lèmi náà ṣe lè rí kóòṣì gidi?" Ìyẹn ò ṣeé fi ẹ̀rín dáhùn. Owó wà nínú ẹ̀, ara ènìyàn wà nínú ẹ̀, ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí eré náà sì lè kú síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ́ńkù mi, àbúrò màmá mi, ló fà mí wọ gọ́ọ̀fù. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, wọ́n ra ọ̀pá tuntun, wọ́n sì kó méje nínú ti àtijọ́ fún mi. Òfin gbà kí ènìyàn kó ọ̀pá mẹ́rìnlá sínú àpò, ṣùgbọ́n méje ti pọ̀ tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ́ńkù máa ń mú mi wọ kílọ́ọ̀bù wọn gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ní gbogbo oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, bí bọ́ọ̀lù mi bá gbéra, á kọ́kọ́ lọ tààrà, lẹ́yìn náà á yà sọ́tùn-ún bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Kádì tó ń bá wa gbé àpò mọ igbó tí bọ́ọ̀lù mi ń wọ̀ ju bí mo ṣe mọ ọ̀nà kíláàsì mi lọ.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí mi ò kàn wo fídíò kí n tún un ṣe? Mo wò ó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fídíò kò rí mi. Èmi náà ò sì rí ara mi. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bí ìdajì ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni irin ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù fi ń fara kanra. Ojú kankan ò lè rí i. Ara pàápàá máa ń parọ́ fún ẹni tó ni ín: o rò pé apá rẹ nà, ó ti ká, o rò pé o dúró tààrà, o ti kọjú sí ibòmíràn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo nílò ẹni tí yóò dúró síta wò mí.

Kóòṣì tí mo kọ́kọ́ bá ṣe jẹ́ ẹni tí gbogbo pápá ń kan sáárá sí. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì ní dárúkọ pápá náà. Wọ́n mọ gọ́ọ̀fù gbá, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo ènìyàn á dúró wò ó títí á fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dé, kí n tó gbá bọ́ọ̀lù kẹrin, àṣẹ mẹ́fà ti balẹ̀ sí mi létí: gbórí sílẹ̀, na apá òsì, tẹ orúnkún, yí ìbàdí, má yí ìbàdí tó bẹ́ẹ̀, gbá a! Lọ́sẹ̀ kejì, a fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ di bí mo ṣe ń di ọ̀pá mú. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó di ẹsẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ dáadáa, wọ́n á ní, "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ!" Bí ó bá yà wọ igbó, wọ́n á ní mi ò gbọ́ràn. Nígbà tí mo béèrè ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan kan, èsì tí mo gbà ni, "Ṣáà ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yẹn gan-an ni wàhálà. Mo ga dé èjìká wọn. Apá wọn gùn, wọ́n ti ń gbá eré yìí láti kékeré, ẹ̀yìn wọn sì rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Wọ́n fẹ́ kí n yí ara mi débi tí ara tiwọn ń yí dé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mi ò lè jókòó wákàtí méjì nínú kíláàsì mọ́. Dókítà tó yẹ̀ mí wò béèrè bóyá apò sìmẹ́ńtì ni mò ń gbé. Wọ́n ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kí n má fọwọ́ kan ọ̀pá. Nígbà tí mo sọ fún kóòṣì, wọ́n ní ìrora wà lára ẹ̀kọ́.

Kíláàsì márùn-ún yẹn, owó tí mo rí níbi títẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn ọmọ ọdún kẹrin ni mo fi san án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rí mọ bí òru ṣe ń gùn tó nídìí ẹ̀.

Mo ti pinnu pé n kò ní padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá? Màmá mi ní ẹni tó bá kọ́ni ní nǹkan ti di ọ̀gá ẹni, a kì í kàn pòórá mọ́ ọ̀gá lójú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí n sì dènà nọ́ńbà wọn. Ọ́ńkù ló sọ èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní, "Fẹsẹ̀ ara ẹ rìn lọ. Dúpẹ́ fún ohun tó o gbà. Sọ pé o fẹ́ dá a dúró. Má ṣàlàyé jù, má sì bú wọn fún ẹnikẹ́ni ní pápá, torí ẹ ó jọ máa pàdé." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo ní dókítà ní kí n sinmi, àti pé bí ara bá yá, màá gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní, "Ó dáa, Ọlọ́run á ṣàánú." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dòní, bí mo bá rí wọn, mo ń kí wọn, wọ́n sì ń dáhùn. Mo sọ èyí torí mo mọ ọ̀pọ̀ tí ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n kúrò níbi tí wọ́n ti ń fi owó ra ìrora. Kíkúrò lọ́dọ̀ kóòṣì kì í ṣe àfojúdi. Bí a ṣe kúrò ló lè jẹ́ àfojúdi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìsinmi yẹn ló ṣe mí láǹfààní jù. Torí pé mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdánrawò ní Sátidé mẹ́ta, mo ń wo àwọn kóòṣì bí wọ́n ṣe ń kọ́ ènìyàn. Mi ò wo bí kóòṣì ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù rárá. Mo ń wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nígbà tí kóòṣì bá ti kúrò níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí kóòṣì bá ti yí ẹ̀yìn padà, wọ́n á dúró bí ẹni tó sọnù sí ọjà Bódìjà. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù kan, wọ́n á wẹ̀yìn, wọ́n á máa wá ojú ọ̀gá. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ jẹ́jẹ́, wọ́n á gbá a, wọ́n á wo ibi tó lọ, wọ́n á mi orí, wọ́n á tún nǹkan kan ṣe, wọ́n á tún gbá a.

Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí?" Èsì wọn yà mí lẹ́nu. Àwọn kan ka nǹkan mẹ́jọ sílẹ̀. Àwọn kan ní, "Èmi náà ò mọ̀ o, kóòṣì ló mọ̀." Àwọn mẹ́rin péré ló dá mi lóhùn ní gbólóhùn kan, tí mo sì rí ohun tí wọ́n sọ nínú bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo wádìí, ọ̀dọ̀ bàbá kan náà ni mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn ti ń kẹ́kọ̀ọ́.

Kí n tó sọ ti bàbá yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú àwọn tẹ́ ẹ máa bá pàdé. Ẹni àkọ́kọ́ ni pró, ẹni tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn pró. Ẹ lè béèrè bóyá ó wà nínú ẹgbẹ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnì kejì ni ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fi í jẹun. Ẹ kíyè sí i: lábẹ́ òfin àgbáyé tó de irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ gba owó láti kọ́ ènìyàn ní gọ́ọ̀fù, àfi níbi tí òfin bá ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, ó lè pàdánù àǹfààní láti bá irú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ bàbá yín bá ní òun á kọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá ń gba owó lábẹ́lẹ̀, ẹ ronú sí i.

Ẹnì kẹta ni kádì. Ẹ má fojú kéré kádì láéláé. Bí ẹ bá ń díje, òun nìkan ni òfin gbà láyè láti gbà yín nímọ̀ràn lórí pápá, yàtọ̀ sí ẹni tẹ́ ẹ bá jọ para pọ̀ gbá a. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pró ilẹ̀ wa ló jẹ́ pé kádì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kádì tó dára mọ̀ nípa ibi tí ilẹ̀ ti dagun àti ibi tí bọ́ọ̀lù máa ń yí sí, kò sí ìwé tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mímọ ilẹ̀ yàtọ̀ sí mímọ ara ènìyàn. Kádì lè sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù yà. Ìdí tó fi yà, àti ohun tí ara yín lè ṣe sí i, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Mo tún ní ìbéèrè kan tí mo fi ń dán kóòṣì wò, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ni mo sì máa ń béèrè rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń mú bọ́ọ̀lù yà sọ́tùn-ún?" Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá, ibi tí ojú ọ̀pá kọ sí nígbà tó kan bọ́ọ̀lù ló ń pinnu jù ibi tí bọ́ọ̀lù máa kọ́kọ́ dorí kọ. Bí ojú ọ̀pá náà bá ṣí sọ́tùn-ún ju ọ̀nà tí ọ̀pá ń gbà kọjá lọ, bọ́ọ̀lù á yà sọ́tùn-ún. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ló ń kọ́ni pé ọ̀nà tí ọ̀pá gbà ló ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń lọ. Àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn ìrìn bọ́ọ̀lù, irú bíi TrackMan, ló fi hàn kedere pé ojú ọ̀pá lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pọn dandan kí kóòṣì ní ẹ̀rọ. Àmọ́ bí ẹnì kan bá dá mi lóhùn pé, "Torí pé o gbórí sókè ni," tí kò sì lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo mọ̀ pé gbogbo àìsàn ni yóò máa fún ní Panadol.

Nígbà tí mo bi bàbá yẹn, wọn ò dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Na ọwọ́ rẹ méjèèjì sí mi bí ẹni ń kíni." Mo nà án. Wọ́n wo ibi tí àtẹ́lẹwọ́ mi kọjú sí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìdáhùn wà lọ́wọ́ ẹ níbẹ̀ yẹn."

Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kádì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ pápá ilẹ̀ yìí ò tíì ní koríko níbi ihò, tó jẹ́ iyanrìn tí wọ́n fi epo pò ni wọ́n ń ti bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Wọn ò lè gbá bọ́ọ̀lù jìnnà mọ́ bí ti kóòṣì àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń dúró wo bọ́ọ̀lù tiwọn. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì wa àkọ́kọ́, bí ogún ìṣẹ́jú kọjá kí n tó fọwọ́ kan ọ̀pá. Wọ́n béèrè ibi tó ń dùn mí. Wọ́n ní kí n tẹ̀, kí n yípo, kí n dúró lẹ́sẹ̀ kan. Wọ́n béèrè iye ọjọ́ tí mo lè ráyè ṣe ìdánrawò lọ́sẹ̀, àti ohun tí mo fẹ́ gan-an: ṣé ìdíje ni, àbí kí n ṣáà lè bá ọ́ńkù mi gbá a láìdí wọn lọ́wọ́? Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní mo fẹ́ ní handicap tèmi, kí n lè wọ ìdíje àwọn obìnrin.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Wọn ò sọ nǹkan kan. Mẹ́wàá! Ìdákẹ́jẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ́rù bà mí. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní nǹkan mẹ́ta ló wà ńlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo la máa fọwọ́ kàn, ìyẹn bí mo ṣe ń di ọ̀pá mú, torí pé òun ló ń fa àwọn méjì yòókù. Wọ́n ní kí n yí ọwọ́ òsì díẹ̀ sọ́tùn-ún lórí ọ̀pá, títí màá fi máa rí egungun ìka mi méjì. Ó rí bákan lọ́wọ́ mi, bí ẹni wọ bàtà ẹlòmíràn. Ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà tán nìyẹn. Kí n tó lọ, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo kọ́ fún àwọn, lẹ́nu ara mi. Wọ́n ní, "Ohun tó ò lè sọ, o ò lè tún un ṣe nílé."

Nípa ẹ̀yìn mi, wọ́n ní kí n má yí ara ju ibi tí kò dùn mí lọ, kí n jẹ́ kí gìgísẹ̀ òsì gbéra díẹ̀ nígbà tí ọ̀pá bá lọ sókè. Ìrora ò padà wá mọ́. Èmi ò sọ pé gbogbo ẹ̀yìn ló máa rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ara tí mo gbé wá ni wọ́n kọ́, wọn ò kọ́ ara tiwọn mọ́ mi lára.

Nígbà tí mo ń kà nípa àwọn kóòṣì ńlá, mo rí i pé ohun kan náà ló ń padà jẹ yọ. Harvey Penick ti ìlú Austin, ní Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kádì lòun náà fi bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Òun ló kọ́ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Yunifásítì Texas láti 1931 sí 1963. Tom Kite àti Ben Crenshaw kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, àwọn méjèèjì sì jọ pín ipò kìíní nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 1972. Ṣùgbọ́n Penick kì í jẹ́ kí ọ̀kan wá wo kíláàsì èkejì. Ìdí ni pé ìwà wọn yàtọ̀, ara wọn yàtọ̀, ohun tó ń tún ọ̀kan ṣe lè ba ti èkejì jẹ́. Kite gba U.S. Open lọ́dún 1992. Ní oṣù kẹrin 1995, Penick kú lẹ́ni 90 ọdún. Kó tó kú, lórí ibùsùn àìsàn, ó ṣì ń tọ́ Crenshaw sọ́nà lórí bí yóò ṣe máa ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sìnkú rẹ̀ gan-an ni Crenshaw gba Masters, lẹ́ni 43 ọdún.

Ti Jack Nicklaus náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Jack Grout ní Columbus, ní Ohio, lọ́dún 1950. Ó gba ìdíje ńlá méjìdínlógún láyé rẹ̀, síbẹ̀ bí ọdún tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ó máa ń padà sọ́dọ̀ Grout láti tún bẹ̀rẹ̀ látorí bí a ṣe ń di ọ̀pá mú àti bí a ṣe ń dúró. Grout ò sì fẹ́ kó máa sá tọ òun wá ní gbogbo ìgbà. Ó kọ́ ọ láti lè rí àṣìṣe ara rẹ̀, kó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀ lórí pápá.

Bàbá tiwa náà kì í jẹ́ kí n lo gbogbo àkókò níbi gbígbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Ìṣirò wọn ni pé bí pápá bá jẹ́ ti ìgbá 72, méjì méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣírò mọ́ títi bọ́ọ̀lù lórí green, níbi koríko kúnnákúnná tí ihò wà. Ihò méjìdínlógún, ìgbá 36. Ìdajì eré náà nìyẹn, kò sì gba agbára kankan. Bí kóòṣì yín ò bá mú yín lọ sórí green rí, ìdajì owó yín ló ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ilé tèmi ni pé kí n máa ti bọ́ọ̀lù sínú ife lórí símẹ́ńtì kọ́rídọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálaalẹ́. Àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ti mọ ìró ife yẹn ju ìró aago lọ.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Gọ́ọ̀fù jẹ́ ẹ̀kọ́ tí kóòṣì lè fẹ́ fọwọ́ tún ọwọ́, èjìká tàbí ìbàdí ẹni ṣe. Kóòṣì tó dára máa ń béèrè kó tó fọwọ́ kàn yín, á sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Bàbá tiẹ̀ ń lo orí ọ̀pá láti fi tọ́ka ni, gbangba pápá la sì ti ń kẹ́kọ̀ọ́, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wa. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìkíni ìdágbére tí mo sọ lókè yẹn kò kan irú èyí.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Iye tí kóòṣì ń gbà kò sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ́ tó. Bàbá ń gba iye tó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún kíláàsì kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó san ti mẹ́wàá. Ẹ lè bá ọ̀rẹ́ yín pín wákàtí kan. Bí ọ̀kan bá ń gbá, èkejì á máa wò, wíwò yẹn náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́. Kíláàsì kan lóṣù, pẹ̀lú ìdánrawò tòótọ́ láàárín rẹ̀, sàn ju mẹ́rin tẹ́ ẹ kàn ń sáré wọ̀ tẹ́ ẹ sì ń sáré jáde lọ. Ẹ má sì retí pé bọ́ọ̀lù á gún régé lọ́sẹ̀ kìíní. Nígbà tí mo yí ọwọ́ padà, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gbá ilẹ̀ dípò bọ́ọ̀lù. Bàbá ti kọ ọ́ sínú ìwé mi ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi ò fi pami.

Lẹ́yìn kíláàsì kẹfà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò owó ti keje. Bàbá ní kí n mú owó mi padà. Wọ́n ní, "Lọ gbá a fún oṣù méjì. Má wá. Bí bọ́ọ̀lù bá yà, wo ọwọ́ ẹ kó o tó pè mí." Ojú mi kọ́kọ́ rẹ̀ wálẹ̀, mo rò pé wọ́n ń lé mi ni. Nígbà tó yá ló yé mi. Nílẹ̀ wa, bí ènìyàn bá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá á gbà fún un, tí wọ́n á ṣe òmìnira fún un, tí ẹbí á péjọ, tí wọ́n á jẹ, tí wọ́n á mu. Kò sí ọ̀gá gidi tó ń gbéraga pé ọmọ iṣẹ́ òun ti lo ogún ọdún lọ́dọ̀ òun láìlè dá aṣọ gé. Ọmọ iṣẹ́ tó gba òmìnira ni ògo ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń kọ́ni ní gọ́ọ̀fù ló ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa padà wá títí láé, torí owó wà níbẹ̀.

Nínú oṣù méjì yẹn, bọ́ọ̀lù yà mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà púpọ̀. Mo wo ọwọ́ mi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Mo kó káàdì èsì mi jọ, mo fi í sílẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù, wọ́n sì fún mi ní handicap. Láti 2020 tí ètò handicap kan náà ti wà fún gbogbo àgbáyé, 54 ni òkè téńté tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè ní. Bí ó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n gbá sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ ní 41. Báyìí mo wà ní 33. Mo wọ ìdíje obìnrin àkọ́kọ́ mi, ipò kọkànlá ni mo gbà nínú mẹ́rìndínlógún, mi ò pe Bàbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n tó parí rẹ̀. Èmi ni mo pè wọ́n lálẹ́ láti ròyìn, wọ́n sì bi mí pé ìgbá mélòó ni mo lò lórí green. Mo ní 39. Wọ́n ní, "Ó kù mẹ́ta," wọ́n sì pa fóònù.

Fún ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn, pápá Ibadan Golf Club wà ní Oníréké, ti IITA náà wà tó ní ihò mẹ́sàn-án. Èkó ní ti Ikoyi Club 1938 àti Ikeja Golf Club. Ti Smokin Hills wà ní Ìlárá-Mọ̀kín, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ béèrè òfin tí wọ́n fi ń gba àlejò kẹ́ ẹ tó lọ. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wá bẹ́ǹṣì kan, ẹ jókòó, ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ọ̀gá wọn ò bá sí nítòsí. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, tó sì lè ṣe é ní òun nìkan, ẹ lọ kí onítọ̀hún.

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ìdánwò o. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti ní ọ̀pá àtijọ́ tẹ́ ẹ ò lò mọ́ nílé, àwọn àbúrò yín wà níbí o, ẹ má jẹ́ kó dípẹtà.